Ìtàn Àgbàyanu Àwọn Bọ́ọ̀sì Chinatown

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ gbọ́ ìtàn tó jọ àlọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe àlọ́. Ní Níú Yọ́ọ̀kì, ní Chinatown, àdúgbò àwọn ọmọ Ṣáínà, lábẹ́ afárá Manhattan, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń sán ààrá lókè orí, ni àwọn ọmọ Ṣáínà tó ti Fujian wá kóra jọ sí. Wọ́n ti la òkun já. Gbèsè ìrìn-àjò wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ wọn, wọn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ẹnu gbọ́dọ̀ jẹ, owó sì gbọ́dọ̀ délé.

Ilé oúnjẹ ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń báni wáṣẹ́ níbẹ̀ yóò rí ìwé pélébé pélébé lára ògiri: irú alásè tí wọ́n ń fẹ́, owó oṣù, àti nọ́ńbà mẹ́ta. Orúkọ ìlú kò sí níbẹ̀! Nọ́ńbà tó máa ń ṣíwájú fóònù ìlú náà ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá ríṣẹ́ yóò palẹ̀ ẹrù mọ́, yóò wọ bọ́ọ̀sì, ó di ìlú tí kò dé rí.

Bọ́ọ̀sì wo? Ibẹ̀ gan-an ni ìyanu wà! Ọkùnrin kan, Pei Lin Liang, ń fi ọkọ̀ kékeré kó èrò láàárín Brooklyn àti Manhattan. Ní 1998, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Fung Wah, na ẹsẹ̀ dé Boston. Kò kọ́ gáréèjì, etí títì ni èrò ti ń wọkọ̀. Àwọn mìíràn náà kó ọkọ̀ jáde, ogun owó ọkọ̀ sì bẹ́ sílẹ̀, títí 10 dọ́là fi ń gbé ènìyàn rìn ju 200 máìlì lọ! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́, wọ́n ya dé. Greyhound, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914 tó ti di òmìrán ojú títì Amẹ́ríkà, dín owó tirẹ̀ kù. Ní 2008, òun àti ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Peter Pan dá BoltBus sílẹ̀, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò létí títì. Òmìrán wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ̀ alásè!

Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ lè di pọ́ọ́kú, ẹ̀mí kò gbọdọ̀ di pọ́ọ́kú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, 2011, bọ́ọ̀sì kan tó ń kó èrò bọ̀ láti ilé tẹ́tẹ́ ní Connecticut sí Chinatown ṣubú ní Bronx ní Níú Yọ́ọ̀kì, ènìyàn 15 sì kú. Ní òpin oṣù Karùn-ún, 2012, ìjọba àpapọ̀ ti ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì 26 pa ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn tó ń kó èrò tó lé ní 1,800 lójúmọ́. Ní 2013 ó kan Fung Wah: àwọn ayẹkọ̀wò rí i pé irin ìsàlẹ̀ àwọn bọ́ọ̀sì rẹ̀ kan ti sán.

Mo kan sáárá sí àwọn tó la ọ̀nà yìí, nítorí ìpọ́njú alásè ni wọ́n fẹ́ yanjú, gbogbo etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ló sì jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù ni ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ náà ni kí ìjọba yẹ irin àti táyà ọkọ̀ náà wò kí èrò tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn ìsìnkú.