Yíyan Ilé Ìwòsàn àti Àwọn Olùtọ́jú fún Oyún Eléwu

Oyún eléwu ni oyún tí nǹkan kan wà lára ìyá, tàbí lára ọmọ inú rẹ̀, tàbí nínú ìtàn ìbímọ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, tí ó lè mú kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ le ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí kò wí pé oyún náà yóò bàjẹ́, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin tí a ń pe oyún wọn bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ̀ láyọ̀, tí a ń gbóhùn ìyá, tí a sì ń gbóhùn ọmọ. Ohun tí ó ń wí ni pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ níbi tí ọwọ́ kò ti ní tó oògùn, ẹ̀jẹ̀ àti abẹ nígbà tí a bá ń fẹ́ wọn. Àwọn àgbà ní igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Nítorí náà, yíyan ibi tí a ó bímọ sí àti àwọn tí yóò dúró ti aboyún jẹ́ iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ di alẹ́ ọjọ́ tí ìrọbí dé kò yan nǹkan kan mọ́, ibi tí ọkọ̀ bá gbé e dé ni yóò bá lò.

Ohun tí ń sọ oyún di eléwu pọ̀ lọ jàra. Àwọn kan ti wà lára obìnrin kí ó tó lóyún rárá: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn, àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ SS, ìju tí ó ti gba ààyè nínú ilé ọmọ, tàbí àpá abẹ tí a fi gbé ọmọ ìṣáájú jáde. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé oyún ni ó gbé wọn dé: ibi ọmọ tí ó sọ̀ kalẹ̀ dí ẹnu ilé ọmọ, ọmọ tí ó fi ìbú sùn, àti oyún tí ó ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣe ní ìlú Igbó-Ọrà fi hàn pé nínú 1,000 ìbímọ, èyí tí ó jẹ́ ti ìbejì níbẹ̀ lé ní 40, nígbà tí ti ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà kò ju bí 10 sí 12 lọ. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, edúnjobí, ayọ̀ tí a fi ń retí wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í fi í rántí pé ilé ọmọ tí ó nà ju bí ó ti yẹ kì í tètè sún kì lẹ́yìn ìbímọ, tí ẹ̀jẹ̀ sì lè ya, àti pé ìbejì a máa fẹ́ wá sáyé ṣáájú oṣù wọn.

Nínú gbogbo wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí pé òun ni ó fi ìyàtọ̀ ilé ìwòsàn kan sí èkejì hàn kedere jù lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí ara rẹ̀ ti ń dá ṣáṣá bá ga dé 140/90 lẹ́yìn tí oyún rẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ 20, tí àyẹ̀wò ìtọ̀ sì fi hàn pé purotéènì ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, àrùn náà ti wọlé nìyẹn. Ó lè máa rìn, kí ó máa nájà, kí ó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àwàdà, títí orí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ ní fífọ́ tí kò gbóògùn, tí ojú rẹ̀ yóò máa ṣe bàìbàì, tí òkè inú rẹ̀ lápá ọ̀tún yóò máa dùn ún. Bí a kò bá sì tètè gbé ìgbésẹ̀, gìrì lè gbé e, gìrì yìí ni àwọn ará ilé sì sábà máa ń kà sí iṣẹ́ ọ̀tá. Oògùn rẹ̀ ti wà, kò sì wọ́n: òun ni máńgínísíọ̀mù sọ́fétì. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1995 fi hàn pé ó borí àwọn oògùn gìrì mìíràn fún aboyún tí gìrì ti gbé. Òmíràn tí ó jáde ní 2002, tí àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 kópa nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ fún ẹni tí gìrì kò tíì gbé. Gírámù 4 ni a ń fi sínú iṣan, a ó sì gún 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ máa kan orúnkún obìnrin náà wò bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ta, kí ó máa ka èémí rẹ̀, kí ó máa wọn ìtọ̀ rẹ̀ ní wákàtí dé wákàtí, kí kálísíọ̀mù glúkónéètì tí í ṣe ẹ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà ní ìtòsí bí oògùn àkọ́kọ́ bá pọ̀ jù lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ó tọ́jú oògùn yìí sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n tí kò ní ẹni tí yóò jókòó ti aláìsàn mọ́jú, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí kò ní in rárá. Àti pé ìbímọ nìkan ni ó ń ṣẹ́gun àrùn náà ní tòótọ́, bí oṣù ọmọ kò tilẹ̀ tíì pé, nítorí náà ibi tí a ó ti tọ́jú ìyá gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí a lè tọ́jú ọmọ tí kò gbó sí.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàì ní ilé ìwòsàn tí ó lórúkọ. Ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Olúmọ, ilé ìwòsàn àwọn Àgùdà ní Láńtòrò ti wà láti 1895. Ní Ìbàdàn, nílé Olúyọ̀lé, Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti kọ́ iṣẹ́ láti 1948, kí a tó ṣí UCH ní 1957. Ilé ìgbẹ̀bí tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Island Maternity sì wà láti 1959. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í gbẹ̀bí. Ìpele ni kí a wò: sẹ́ńtà ìlera àdúgbò dára fún oyún tí kò ní wàhálà, ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà lè ṣe iṣẹ́ abẹ bí dókítà rẹ̀ bá wà nílé, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn sì ni ibi tí alárùn ọkàn àti ẹlẹ́jẹ̀ SS yẹ kí ó forúkọ sílẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kò ní ìpele kan. Àwọn kan dára ju ti ìjọba lọ, àwọn kan kò ní ju ọ̀dà tuntun àti kọ́tìnnì aláràbarà lọ.

Ọ̀nà tí ó dájú láti fi mọ ilé ìwòsàn ni kí a fi òru wò ó. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, gbogbo wọn ni ó jọra, dókítà wà, ẹ̀rín wà, iná wà. Ohun tí ó yẹ kí ọkọ àti ìyàwó béèrè, láìtijú, ni pé ta ni ó ń sùn sí ọgbà ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ Àìkú, ǹjẹ́ ẹni tí ń kun aláìsàn lóorun wà níbẹ̀ tàbí láti ìgbèríko ni a ó ti ránṣẹ́ pè é, àti iye àkókò tí ó máa ń gbà láti ìgbà tí dókítà bá ti ní kí a ṣe iṣẹ́ abẹ títí di ìgbà tí ọbẹ yóò kan ara. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ń tọ́ka sí fún ọ̀ràn kíákíá. Kí wọ́n béèrè jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé oxytocin, abẹ́rẹ́ tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, inú fíríìjì ni ilé rẹ̀, láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8. Ibi tí iná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí fíríìjì ti di àpótí lásán, omi lásán ni wọ́n lè máa gún fún abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀. Bákan náà, kí a béèrè bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ tí ó ń jáde. Ní 2023, ìwádìí kan tí a ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé bí a bá tẹ́ ọ̀rá tí ó ní àmì òṣùwọ̀n sábẹ́ ìdí abiyamọ, tí a rí i kedere pé ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ̀ jù, tí a sì fi gbogbo ìtọ́jú bò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ yíya tí ó le dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú tí a fi ń wò ó lásán tẹ́lẹ̀ ti tan ọ̀pọ̀ jẹ.

Ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ kò parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní kí ọkọ tàbí ìbátan fi páìntì kan sílẹ̀ nígbà tí aboyún bá forúkọ sílẹ̀, àwọn ọkọ sì wà tí ara wọn le bí òkúta tí wọn yóò máa sá fún abẹ́rẹ́ yìí títí oṣù kẹsàn-án yóò fi pé. Ó tọ́ kí wọ́n mọ̀ pé a kì í sábà fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ sí ìyàwó tí ó ṣì ń bímọ lára, nítorí pé ara rẹ̀ lè ti ibẹ̀ kọ́ láti máa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí yóò lóyún rẹ̀ lọ́la jà. Inú báńkì ni ẹ̀jẹ̀ ọkọ ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni a ó sì fún ìyàwó. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ négátíìfù, tí ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ pọ́sítíìfù, ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ tí a gbọ́dọ̀ gún láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ. Nítorí pé kì í wà ní gbogbo ilé oògùn, kí a ti wá a kí oṣù tó pé.

Ní ti àwọn olùtọ́jú, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn olówó a máa sọ pé kọnsọ́ltáǹtì nìkan ni yóò fọwọ́ kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó gba ọmọ ní agogo méjì òru ni agbẹ̀bí tí ó ti gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, àti dókítà kékeré tí ó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ọ̀gá kan wà tí ó gba oyún náà bíi tirẹ̀, tí ó kọ ètò ìbímọ sínú kádì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lè kà á. Ẹlẹ́jẹ̀ SS yóò ní dókítà ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Alátọ̀gbẹ yóò ní ti àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ tètè wá yóò ní dókítà ọmọdé tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, iye wọn kò wúlò. Kí aboyún sì kíyè sí bí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀: ibi tí wọ́n bá ti ń jágbe mọ́ ọn ní ọjọ́ àyẹ̀wò, kò ní lè sọ fún wọn ní àkókò pé ọmọ kò yí nínú òun mọ́ láti àná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn láti 2016 pé kí aboyún bá olùtọ́jú pàdé ní ìgbà mẹ́jọ ó kéré tán. Oyún eléwu yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá oyún rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ tètè dé, nítorí pé asipirín kékeré tí dókítà lè fún un láti dènà rẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ní Nàìjíríà ni ó wáyé nílé ìwòsàn. Àwọn yòókù bí sílé, tàbí lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí ìbílẹ̀, tàbí ní ilé àdúrà, níbi tí a ti ń ṣàdúrà pé kí aboyún bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù. Àdúrà kò burú, ìyá àgbẹ̀bí sì ní sùúrù àti ìfẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì kan ìbá lọ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní abẹ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó lóye èyí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní 2009 ní Ìfẹ́dọ̀rẹ̀, tí ó fún aboyún ní fóònù láti pe olùtọ́jú, tí ó sì ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ ní 2010. Ní 2014 ni ó tún fi Agbẹ̀bíyè lé e, tí ó ń san owó fún ìyá àgbẹ̀bí tí ó bá mú aboyún wá sílé ìwòsàn dípò kí ó gbẹ̀bí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà yẹn gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò gbé ọmọ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn dókítà ìjọba a máa yanṣẹ́ lódì, ọ̀nà a máa dí, nítorí náà ó yẹ kí ilé ìwòsàn kejì wà tí aboyún ti forúkọ sí, kí ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sì wà nínú báàgì rẹ̀ nígbà gbogbo. Kí ọkọ gbé ọkọ̀ rin ọ̀nà náà ní òru lẹ́ẹ̀kan kí oṣù tó pé. Kí a sì ti sọ̀rọ̀ lórí ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ: obìnrin tí ó ti dàgbà ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, ìdúró de ọkọ tí ó wà lẹ́yìn odi tàbí àbúrò bàbá tí ó ní òun yóò kọ́kọ́ wádìí ti gba ẹ̀mí rí. Ní ti owó, Òfin Ìlera ti 2014 kò fàyè gba ilé ìwòsàn kankan láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbójú lé òfin nìkan ní ẹnu ọ̀nà yóò pẹ́ níbẹ̀. Ìṣètò adójútòfò ìlera, irú Ìlera Èkó, ni kí a ti wọ̀ ṣáájú, kí a sì béèrè bóyá ó kan iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú ọmọ tí kò gbó.

Ìbímọ kọ́ ni òpin iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú. Ó yẹ kí abiyamọ lo wákàtí 24 ó kéré tán nílé ìwòsàn, kí a sì rí i lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ní ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń ga jù lọ láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbímọ, gìrì sì lè gbé obìnrin tí ó ti bí tán. Ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni ìyá ọkọ ti ń ka iye àga, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń wọlé tí wọ́n ń jáde, tí ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ ti gba gbogbo ilé, tí abiyamọ sì ń sọ pé orí tí ń fọ́ òun kò ju ti àìsùn lọ. Ilé ìwòsàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti fún un ní ọjọ́ tí yóò padà wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí ẹnìkan ń gbé ní òru.