Àwòrán Ìlò Iná Ilé Láti Ọdún dé Ọdún: Àpẹẹrẹ Sábó

Àwòrán ìlò iná ni èyí tó ń fi hàn bí ìdílé ṣe ń lo iná mànàmáná, gáàsì, èédú àti epo láti ìgbà kan dé òmíràn. Láti 1786 tí William Playfair, ará Scotland, ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ni ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ ti di ohun tí ojú mọ̀. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ gbà pé ohun tí a ń wọ̀n kì í dáwọ́ dúró. Iná Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, ì báà jẹ́ ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń dáwọ́ dúró.

Láti oṣù Kọkànlá 2013 ni ilé-iṣẹ́ apínná IBEDC ti gba pínpín iná lágbègbè yìí lọ́wọ́ PHCN, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba. Nígbà tó di 2020, wọ́n pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí A títí dé E: wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, ni ti A, 4 ni ti E. Bí mítà kò bá wá ka nǹkan kan láti ọ̀sán títí di alẹ́, ó lè jẹ́ pé wọ́n mú iná lọ, ó lè jẹ́ pé yúníìtì ti tán, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan nílé. Àwòrán tó bá fi òdo kan ṣojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń purọ́ mọ́ ìdílé náà.

Èyí tó dára jù ni àtẹ oníhò 24, ihò kan fún wákàtí kan, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Kí á kun ihò ìlò púpọ̀ ní àwọ̀ dúdú, kí á fi funfun sílẹ̀ níbi tí iná wà tí a kò lò ó, kí á sì fa igi dẹ̀gbẹ̀ sínú wákàtí tí iná kò sí. Nígbà náà lèèyàn yóò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an: iná dé láago 11 alẹ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi, áyọ́ọ̀nù, fìríìjì àti fóònù gbogbo ará ilé sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdílé yẹn kì í ṣe onínàákúnàá. Wákàtí tí wọ́n rí ni wọ́n ń lò.

A kò gbọ́dọ̀ fi náírà ṣe òṣùwọ̀n. Ní oṣù Kẹrin 2024, yúníìtì kan fún ìsọ̀rí A kúrò ní nǹkan bí ₦68, ó di ₦225. ₦6,800 tó ń ra 100 tẹ́lẹ̀ wá ń ra nǹkan bí 30. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ tí a ra tókìn kì í ṣe ọjọ́ tí a lò ó. Kíka mítà lójoojúmọ́ ló ń sọ òótọ́. Ilé tí kò ní mítà, tí wọ́n kàn ń fojú bu owó iná fún, kò yẹ kó wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ilé tó ní i.

Ọ̀rọ̀ oṣù tún wà níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní Sábó, ìdáná sààrì sì máa ń mú ilé jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì bẹ̀rẹ̀ ní 23 oṣù Kẹta 2023, 11 oṣù Kẹta 2024, àti 1 oṣù Kẹta 2025. Ẹni tó bá fi oṣù Kẹta méjì wéra ń fi ọjọ́ ààwẹ̀ díẹ̀ wé púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ooru àsìkò náà tó ń mú kí fáànù ṣiṣẹ́ kò tẹ̀ lé òṣùpá. Nítorí náà, kí a ya ìlà méjì: ọ̀kan lórí kàlẹ́ńdà òyìnbó, ọ̀kan láti ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀.

Bí a bá fẹ́ fi gáàsì àti bẹntiróò kún àwòrán náà, kìlógíráàmù gáàsì kan ní ooru bíi yúníìtì 13, lítà bẹntiróò kan ní bíi 9, ṣùgbọ́n èyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń sọ di iná nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọ̀ tirẹ̀ ni kí iná jẹnẹrétọ̀ ní. Ó sì yẹ kí a fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ síbi 29 oṣù Karùn-ún 2023, ọjọ́ tí a kéde òpin owó ìrànwọ́ bẹntiróò, nítorí ẹni tó bá rí i pé ìlò jẹnẹrétọ̀ dín kù lẹ́yìn ọjọ́ náà lè rò pé iná ìjọba ló dára sí i, kì í ṣe pé bẹntiróò ló wọ́n.