Ta Ni Ẹlẹ́lọ̀ọ́?

Orúkọ kan wà nínú ìwé Yorùbá àwọn ọmọ wa tó máa ń bí mi nínú: àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní metaphor. Mo bi olùkọ́ kan ní Alápẹ̀rẹ̀ pé kí ni ẹlẹ́lọ̀ọ́. Ó ní bí ìwé ṣe pè é nìyẹn.

Èdè wa kò ṣàìní irinṣẹ́. Àwítúnwí, àsọrégèé, àdàpè, ìfohunpènìyàn: ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ wọ̀nyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ iṣẹ́ wọn. Mo kan sáárá sí àwọn àgbà tó jókòó ti iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá irú orúkọ báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990. Àfiwé tààrà náà kò ní wàhálà: a fi nǹkan kan wé òmíràn, ó parí.

Ẹlẹ́lọ̀ọ́ ńkọ́? Iwájú rẹ̀ yé wa. Oní ló di ẹlẹ́, bíi ti ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́mu. Kí wá ni ohun tó ní? Bí a bá ní lọ́ ni, bí a ṣe ń lọ́ okùn, ìtumọ̀ bá a mu, nítorí ọ̀rọ̀ tí a lọ́ po ni, àlọ́ tí à ń pa fọ́mọ sì jọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ta kò ó: òkè ni lọ́ wà, ìsàlẹ̀ ni lọ̀ọ́ ti gbéra. Bí a bá ní lọ̀ inú ìfilọ̀ ni, ohùn gbà, ìtumọ̀ kọ̀, nítorí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wá kò fi ohunkóhun pamọ́. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní gbòǹgbò. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò lè rí gbòǹgbò ọ̀hún.

Àwọn kan ní ká máa pè é ní mẹ́táfọ̀. N kò bínú sí ọ̀rọ̀ àyálò. Táyà bá ọkọ̀ dé, ó sì ti di tiwa. Àmọ́ ọkọ̀ òkun kọ́ ló gbé ọnà èdè yìí wá. Inú oríkì ló ń gbé látayébáyé. Ẹlòmíràn tú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí mẹ́táfọ̀ ti wá, ó ní àgbékọjá. Ẹrù wo la gbé, odò wo la gbé e kọjá?

Àfipè ni tèmi. N kò rìn jìnnà kí n tó rí i. Pè ti wà nínú àdàpè, ó sì wà nínú ìfohunpènìyàn, níbi tí a ti ń fi ohun pe ènìyàn. Bí a bá wá fi nǹkan pe nǹkan mìíràn, àfipè nìyẹn, ìfohunpènìyàn sì di ọmọ abẹ́ rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì, náà sọ láyé àtijọ́ pé ọnà èdè yìí ni kí a fún ohun kan ní orúkọ ohun mìíràn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni akọni Achilles: bí a bá ní ó fò mọ́ ọ̀tá bíi kìnnìún, a fi í wé e, bí a bá ní kìnnìún náà fò mọ́ wọn, a pè é bẹ́ẹ̀. Wé àti pè, ọmọdé ti mọ méjèèjì.

Orúkọ tí kò yé ọmọ ló ń jẹ́ kí olùkọ́ sá tọ àmì lọ. Wọ́n á ní ibi tí "bí" bá wà, àfiwé tààrà ni. Ọmọkùnrin kan fa ìlà sábẹ́ "Bí òjò bá rọ̀, ọkọ̀ kì í rìn ní Kẹ́tu," gẹ́gẹ́ bí àfiwé tààrà, wọ́n sì gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe! Nínú kíláàsì ọmọkùnrin yẹn kan náà, ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé "Apẹ̀rẹ̀ lọ̀rẹ́ mi." Mo bi í pé kí ló dé. "Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀ àṣírí, ó máa ń jò ni." Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ọjà Mile 12 tí omi ń kán lára rẹ̀ lọ́mọ yẹn ń rí lójoojúmọ́. Mo ní ṣé ó fi í wé apẹ̀rẹ̀ ni, àbí ó pè é ní apẹ̀rẹ̀? "Mo pè é ni." Ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Wọ́n á ní ìdánwò ńkọ́. Kí wọ́n kọ́ ẹlẹ́lọ̀ọ́ ní girama gẹ́gẹ́ bí orúkọ kejì. Láti ìgbà tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 ti sọ Yorùbá di dandan níléèwé ìjọba àti ti aládàáni, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò sọ Yorùbá pọ̀ ní kíláàsì, pàápàá ní ìjọba ìbílẹ̀ Kọ́sọ̀fẹ́; orúkọ tó là kedere ni wọ́n nílò.

Ìbéèrè tó le jù ni ti ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ òkè àti etí ọ̀sà. Ṣé àfipè ṣì ni wọ́n, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ronú kan ẹnu tàbí etí mọ́? Èmi gbà pé àfipè ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ló sì yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ ti ń sọ wọ́n kó tó wọ iléèwé.