Iṣẹ́ ni ó ń yan ẹ̀rọ fọ́tò



Àgbẹ̀ pọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àgbẹ̀ mọ̀ pé a kì í fi àáké ro oko, a kì í sì í fi ọkọ́ gé igi ńlá. Bí iṣẹ́ bá ti rí ni irinṣẹ́ rẹ̀ ń rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ fọ́tò.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní fóònù tí ó ń ya fọ́tò. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó ń ya fọ́tò tí ó dára jù. Ìtàn àwọn onífọ́tò ilẹ̀ wa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe, tí ó sì mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ni fọ́tò rẹ̀ ń dára. Ẹ jẹ́ kí á ka ìtàn náà. Yóò ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ san owó fún onífọ́tò, tàbí nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi fóònù yín ya fọ́tò fúnra yín.

Kí ni ẹ̀rọ fọ́tò ń ṣe?

Àpótí tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn ni ẹ̀rọ fọ́tò. Dígí wà ní ojú rẹ̀. Lẹ́yìn dígí náà, nǹkan kan wà tí ó dà bí ilẹ̀kùn kékeré. Ilẹ̀kùn náà ń ṣí, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ilẹ̀kùn a sì pa dé. Ohun tí ó wà nínú lọ́hùn-ún ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ náà mú. Láyé àtijọ́, àwo tí a fi oògùn kùn ni. Lẹ́yìn náà, ó di fíìmù. Ní òde òní, ohun pẹlẹbẹ kékeré kan ni, tí ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di nọ́ńbà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé fi ń pe ẹ̀rọ tuntun ní numérique, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ onínọ́ńbà.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ilẹ̀kùn náà lè ṣí kí ó sì pa dé kíákíá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ó ní láti ṣí pẹ́. Bí ó bá ṣí pẹ́, tí ẹni tí a ń yà sì mira, ojú rẹ̀ yóò dàrú nínú fọ́tò. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú. Òun ni ìdí gbogbo ohun tí a ó kà níhìn-ín.

Ní ọdún 1839, wọ́n kéde iṣẹ́ Louis Daguerre fún gbogbo ayé ní ìlú Paris. Fọ́tò ìgbà náà ń pẹ́ gan-an. Ẹni tí a ń yà ní láti dúró láìmira fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ̀rọ méjì ní Dàhómì ní ọdún 1930

Olówó kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Albert Kahn. Láti ọdún 1909 títí dé ọdún 1931, ó ń rán àwọn ènìyàn káàkiri ayé láti ya fọ́tò àwọn ìlú àti àṣà wọn. Ní ọdún 1930, iṣẹ́ náà dé Dàhómì, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Àlùfáà Francis Aupiais, tí ó ti gbé ní Àjàṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, ni ó ṣíwájú. Frédéric Gadmer ni ó ń ya fọ́tò.

Oríṣi irinṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé wá. Èkínní ni àwo dígí tí ó ń gba àwọ̀, tí wọ́n ń pè ní autochrome. Àwọn ọmọ ìyá méjì tí í ṣe Lumière bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1907. Ìyẹ̀fun ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n pa láró, tí wọ́n sì tẹ́ sí ojú dígí náà. Àwọ̀ rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yára. Nínú oòrùn pàápàá, ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ní láti ṣí fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dára fún ìjòyè tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Kò lè mú ẹni tí ó ń jó. Nítorí náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ sinimá wá pẹ̀lú. Sinimá náà kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni, ṣùgbọ́n ó ń mú ijó àti ètùtù bí wọ́n ti ń lọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ àwọ̀, wọ́n á gbé àwo dígí. Bí wọ́n bá fẹ́ ìrìn àti ijó, wọ́n á gbé sinimá. Àwo dígí tí wọ́n mú kúrò ní ilẹ̀ wa lé ní 1,000. Wọ́n wà ní ìpamọ́ nítòsí Paris di òní.

Ẹni tí ó jókòó

Ní Bamako, ní ilẹ̀ Màlì, káfíńtà ni Seydou Keïta ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1935, arákùnrin bàbá rẹ̀ mú ẹ̀rọ Kodak kékeré kan wá fún un láti Senegal. Ní ọdún 1948, ó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá onígi ni ó ń lò níbẹ̀, lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Fíìmù rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18. Gbogbo ojú okùn aṣọ ni ó ń hàn nínú rẹ̀.

Fíìmù wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Keïta ń ya ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń kọ́kọ́ tún ìjókòó ẹni náà ṣe, á tún ọwọ́ ṣe, á tún orí ṣe. Inú àgbàlá ni ó fẹ́ràn láti ya fọ́tò, nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Ó ta aṣọ sí ẹ̀yìn wọn. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, Joseph Moïse Agbodjelou, tí a bí ní ọdún 1912, ya fọ́tò fún ọdún púpọ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2000. Ó kọ́ ọmọ rẹ̀, Leonce Raphael, láti lo ẹ̀rọ onífíìmù pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Ọmọ náà jogún iṣẹ́ bàbá rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì ti kan dé òkè òkun.

Ẹni tí ó ń rìn

Ẹ̀rọ onígi ńlá kò ṣeé gbé kiri ọjà àti ojúbọ. Pierre Verger, ará Faransé, lo ẹ̀rọ mìíràn. Rolleiflex ni orúkọ rẹ̀, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Dígí méjì ni ó ní. Onífọ́tò ń fi ọ̀kan wòran, ó ń fi èkejì ya fọ́tò. Àyà ni ó ń gbé e sí, tí yóò sì tẹ orí ba wo inú rẹ̀. Kò gbé ẹ̀rọ bo ojú ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń yà lè rí ojú rẹ̀, ara rẹ̀ a sì balẹ̀. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà.

Verger kọ́ Ifá ní Kétu. Ní ọdún 1953, wọ́n fún un ní orúkọ Fátúmbí. Ó kú ní Brazil ní ọdún 1996. Fọ́tò tí ó fi sílẹ̀ lé ní 60,000.

Ẹni tí ó ń jó lóru

Malick Sidibé náà gbé ní Bamako. Ní ọdún 1956, ó ra ẹ̀rọ kékeré tí ó ní fláàṣì. Fláàṣì ni iná tí ó ń kọ bí mànàmáná. Ó ń kọ, ó sì ń kú lójú kan náà, nítorí náà ẹsẹ̀ oníjó kì í dàrú nínú fọ́tò. Sidibé ń gun kẹ̀kẹ́ láti òde ijó kan dé òmíràn lóru. Á padà sílé, á fọ fíìmù, á sì lẹ fọ́tò mọ́ páálí kí àwọn ọ̀dọ́ lè wá yan tiwọn. Ẹ̀rọ onígi ti Keïta kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2007, wọ́n fún Sidibé ní ẹ̀bùn ńlá ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì.

Fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ àti fọ́tò ìbejì

Cornelius Azaglo Augustt jẹ́ ọmọ Kpalimé ní Tógò. Ní ọdún 1955, ó ṣí ilé fọ́tò ní Korhogo, ní Côte d'Ivoire. Ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń ya àwọn tí ó nílò ìwé ìdánimọ̀. Ara ògiri ni ó ń ta aṣọ sí, kí ojú ènìyàn lè hàn kedere. Kò ṣe ọ̀ṣọ́ púpọ̀, nítorí iṣẹ́ náà kò béèrè fún un. Ohun tí a ń wá ni pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba wo ìwé, kí ó wo ènìyàn, kí ó sì mọ̀ pé ẹni kan náà ni.

Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Nàìjíríà. Ó rí iṣẹ́ kan tí ó yà á lẹ́nu. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì papọ̀, onífọ́tò á ya èyí tí ó kù. Á wá tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó papọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ náà á wọ aṣọ ọkùnrin, á sì tún wọ aṣọ obìnrin. Sùúrù inú yàrá òkùnkùn ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ olówó ńlá kọ́.

Ẹ̀rọ onínọ́ńbà dé

Ní ọdún 1975 kan náà, Steven Sasson ṣe ẹ̀rọ fọ́tò onínọ́ńbà àkọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ Kodak, ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo tó kílò 3.6. Fọ́tò kan ń gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 23 láti tọ́jú sórí kásẹ́ẹ̀tì. Kodak ń ta fíìmù, kò sì sáré tẹ̀lé ẹ̀rọ tuntun yìí. Ní ọdún 2012, gbèsè gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà yẹn, fóònù oní-fọ́tò tí wọ́n ti ń tà ní Japan láti ọdún 2000 ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Irinṣẹ́ yí padà. Iṣẹ́ kò yí padà. Ìjókòó, ìrìn, ijó òru àti ìwé ìdánimọ̀ ṣì wà. Ẹ wo bí ẹ ó ti ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ fọ́tò ìwé ìdánimọ̀, fóònù tó. Ẹ dúró níwájú ògiri tí kò ní àwòrán. Ẹ kọ ojú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Kí ẹni tí ó ń ya fọ́tò gbé fóònù sí ọ̀gangan ojú yín, kí ó sì jìnnà tó mítà kan àti ààbọ̀. Bí ó bá súnmọ́ yín jù, imú yóò tóbi ju bí ó ti yẹ lọ.

Bí ó bá jẹ́ bàbá àgbà tí ó wọ agbádá funfun, ẹ má ṣe mú un jókòó sínú oòrùn ọ̀sán. Fìlà yóò ṣíji bo ojú rẹ̀. Ẹ gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ igi máńgòrò. Ẹ fi ìka kan ojú bàbá lórí fóònù, kí ẹ̀rọ lè wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú rẹ̀. Bí ó bá wọn ti agbádá, ojú bàbá yóò dúdú kọjá àlà. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ àti etí agbádá lè wọlé.

Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lóru, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ohun mìíràn wà tí a kì í yà rárá. Iná fóònù kì í kọjá mítà mélòó kan, nítorí náà kò wúlò fún ẹni tí ó dúró sí ẹ̀yìn èrò. Ẹ wá onífọ́tò tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ojú dígí tí ó fẹ̀, tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé, tàbí tí ó ní fláàṣì tí ó lágbára.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ yà bá jìnnà, bí ẹyẹ tí ó bà sórí àpáta òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ tí ó ní dígí gígùn ni ó yẹ. Ọwọ́ tí ó gbọ̀n díẹ̀ ń ba fọ́tò dígí gígùn jẹ́. Ẹ gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tàbí kí ẹ fi ara ti ògiri.

Ní àkókò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá ẹ̀rọ. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ó mọ́ nu ojú dígí rẹ̀. Ẹ má ṣe pààrọ̀ dígí ní ìta gbangba.

Ẹ kọ orúkọ sí i

Ó ku ohun kan. Ní ọdún 1991, wọ́n kó àwọn fọ́tò kan láti Bamako hàn ní ìlú New York. Gbogbo ènìyàn yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹni tí ó yà wọ́n lára wọn. Ẹnì kan lọ sí Bamako láti wá a, ó sì rí i pé Seydou Keïta ni. Keïta ṣì wà láàyè, ó sì ti kó fíìmù rẹ̀ pa mọ́ dáadáa. Fọ́tò mìíràn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀.

Fóònù lè já sínú omi lónìí, kí fọ́tò ọdún márùn-ún bá a lọ. Nítorí náà, ẹ fi fọ́tò tí ó ṣe pàtàkì sí ibi méjì. Ẹ tẹ díẹ̀ nínú wọn sórí bébà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bíìkì. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí a yà, orúkọ ẹni tí ó yà á, ìlú, àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ìyá wa kò lè ṣe èyí, nítorí wọn kò kọ́ ìwé. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n kọ. Bí ọmọ ọmọ yín bá rí ojú yín lọ́jọ́ iwájú, yóò mọ orúkọ tí yóò pè.