Láti Oyè M.A. dé Oyè Ọ̀mọ̀wé nínú Ìtàn Iṣẹ́-Ọnà Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá àwọn tí ń kọ́ ìtàn iṣẹ́-ọnà mu. Ẹni tí ó gba oyè M.A. ti ní aṣọ: ó ti ka ìwé, ó sì ti mọ ohun tí àwọn aṣáájú wí. Ṣùgbọ́n oyè ọ̀mọ̀wé ń béèrè àkísà, èyíinì ni ìmọ̀ tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà, tí kò tí ì dé inú ìwé.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tí ì pẹ́ púpọ̀ ní yunifásítì. Ní 1957 ni Roy Sieber gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Iowa. Òun ni ó kọ́kọ́ gba irú oyè bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́-ọnà Áfíríkà ní Amẹ́ríkà. Ní 1962, ó ṣí lọ sí Yunifásítì Indiana. Ibẹ̀ ni Babatunde Lawal, tí ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Nsukka ní 1966, kọjá sí. Ó gba M.A. ní 1968, nígbà tí ó di 1970, ó di ọ̀mọ̀wé. Ìtàn ère Ṣàngó ni ó kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ lé lórí.

Kí ni ó ya oyè méjèèjì sọ́tọ̀? Oṣé Ṣàngó lè fi í hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ M.A. lè ṣe àlàyé bí oṣé ti rí: obìnrin tí ó kúnlẹ̀, tí ó ru edùn àrá méjì. Ẹni tí ń wá oyè ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ: báwo ni edùn àrá, tí í ṣe àáké òkúta àwọn ará àtijọ́, ṣe di àmì òrìṣà? Kí ni ìṣubú Ọ̀yọ́-Ilé ṣe sí iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére? Ikán a sì máa jẹ igi. Nítorí náà, oríkì àti ìtàn ìdílé ni yóò jẹ́rìí níbi tí ère kò sí mọ́.

Ọ̀ràn Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ̀rẹ́ dé Wembley ní 1924, ó sì kù sí British Museum. Ní 1938 ni Ọlọ́wẹ̀ kú. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, John Pemberton gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Bí ìyá náà bá ti kú ṣáájú ọdún náà ńkọ́?

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ tẹ̀ síwájú, ìbáà ṣe ọmọ Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́, kí ó tètè tọ àwọn àgbà ìlú rẹ̀ lọ. Ìwé yóò dúró dè é ní ilé ìkàwé; àgbà kò lè dúró títí.