Bí Òkú Bá Ń Rìn, Ibo La Máa Sá Sí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ pé àrùn inú fíìmù yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹni tó ní in bá ti bu èèyàn jẹ, onítọ̀hún á kú, á jí, á wá di abàmì tó ń lé àwọn ará ilé rẹ̀ kiri. Ibo lẹ rò pé èèyàn á ṣẹ́kù sí? Mo bi àwọn ará yàrá mi. Ọ̀kan ní orí àpáta, èkejì ní àárín omi, ẹ̀kẹta ní abúlé ìyá òun. Èmi ò bá wọn jiyàn, ìtàn ni mo lọ bi.

Ẹni tó ní àpáta ò sọ ìsọkúsọ. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n forí pamọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó sí ní 1830. Ẹni tó ní omi náà ní ẹ̀rí. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn Tofinu kọ́ Ganvié sórí adágún Nokoué kí ọwọ́ àwọn tó ń kó èèyàn lẹ́rú má bàa tó wọn. Ìlú náà wà lórí omi dòní. Àmọ́ ọ̀tá tó ń fẹsẹ̀ rìn nìyẹn o. Àrùn ní tiẹ̀, ara èèyàn ló ń gùn wá.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1918, àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lukuluku bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ ilé dé ilé láti wá aláìsàn, ọ̀pọ̀ èèyàn sá kúrò nílùú. Wọ́n rò pé àwọn ń sá fún ikú ni, àṣé àwọn mìíràn gbé e dání. Rélùwéè náà gbé e wọ ìgbèríko. Olúmọ ò lè dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti inú fíìmù: ẹni tó fi aṣọ bo ojú egbò ló ń pa àwọn tó bá a sá.

Samoa, ní Òkun Pàsífíìkì, ni mo ti rí ìdáhùn. Èèyàn kan náà, èdè kan náà, ìjọba méjì. New Zealand ló ń ṣàkóso apá ìwọ̀-oòrùn, Amẹ́ríkà ló ni apá ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1918, ọkọ̀ Talune gúnlẹ̀ sí Apia, lápá ìwọ̀-oòrùn, pẹ̀lú aláìsàn nínú. Wọ́n jẹ́ kí èrò sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, nǹkan bí 8,500 èèyàn ti kú, ó ju ẹnì kan lọ nínú márùn-ún.

Lọ́dọ̀ọ̀ ti Amẹ́ríkà, gómìnà John Poyer ti gbọ́ ìròyìn, ó sì ti èbúté pa. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ń ṣọ́ etíkun, wọ́n ń dá ọkọ̀ padà. Àrùn náà ò pa ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀. Poyer tún ní òun fẹ́ ran ìwọ̀-oòrùn lọ́wọ́, àmọ́ Robert Logan tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ò tẹ́wọ́ gbà á. Ọdún 2002 ni Helen Clark, olórí ìjọba New Zealand, ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì.

Ẹ rò ó wò: èdè tìrẹ ni ẹni inú ọkọ̀ ń sọ, o sì ní kó padà. Ṣé ìwọ lè ṣe é? Èyí le ju gígun àpáta lọ.

Bí wọ́n bá ní kí n ya máàpù, erékùṣù kékeré tí èbúté rẹ̀ ò pọ̀ ni màá kọ́kọ́ sàmì sí, tó ń gbin oúnjẹ ara rẹ̀, tó ń tètè gbọ́ ìròyìn, tí ará ìlú àti olórí sì jọ fohùn ṣọ̀kan láti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ní ti àwa ará họ́sítẹ́ẹ̀lì tá a ń gba ihò fẹ́ǹsì wọlé lóru, mi ò sàmì kankan sí wa.