Kí Sòbìà Tó Degbò: Bí A Ṣe Ka Àìsàn Kan Títí Ó Fi Tán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ló mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ wa ní Ẹdẹ béèrè pé ta ló ti fojú rí sòbìà rí, ẹnikẹ́ni kò nawọ́. Òwe náà wà, àìsàn tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. Bí ó ṣe lọ ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún àwa tí a ń gbé Ẹdẹ lónìí.

Kí ni sòbìà? Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ni, ó sì lè gùn tó mítà kan. Inú omi tí kò ṣàn ni ènìyàn ti ń mu ún. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti gbé ọmọ aràn náà mì. Ẹni tó bá mu wọ́n kò ní mọ nǹkan kan fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á lé ròrò, á máa jó o bí iná. Bí ròrò náà bá bẹ́, orí aràn á yọ. Bí ó bá wá ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú, aràn á da ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ sínú omi tí gbogbo abúlé ń pọn. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ara igi kékeré ni wọ́n ti ń ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kó má baà já sínú ẹran ara.

Ìyá àgbà mi ṣì ní àpá rẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n sọ fún mi pé oko ni àwọn ń gbé nígbà náà, omi kòtò ni àwọn sì ń mu lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dún kan, ẹni mẹ́ta ló dùbúlẹ̀ nínú ilé wọn lẹ́ẹ̀kan náà, iṣu wọn kò sì rí ẹni wà á. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹnikẹ́ni kò fura sí omi ni. Wọ́n ní, "Inú ara la rò pé ó ti ń wá, bí iṣan. Ta ni yóò bá omi tó ń mu jà?"

Ìjọba pàápàá kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí sòbìà dá gúnlẹ̀ kì í lè rìn dé ilé-ìwòsàn, nítorí náà orúkọ díẹ̀ ló ń wọ inú ìwé. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn wá lọ bá àwọn ènìyàn nílé, pàápàá ní Ìdèrè ní Ìbàràpá. Ní Kwara, Ọ̀jọ̀gbọ́n Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin wà lára àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ náà. Àwọn olùwádìí rí i pé ẹni tó ń kà gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ẹni tó ń kà. Dókítà ń wá aràn tó ti yọrí, ṣùgbọ́n ará abúlé lè pe ẹsẹ̀ wíwú tí aràn kò tíì yọ nínú rẹ̀ ní sòbìà pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1985, àpérò àkọ́kọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí lórí sòbìà wáyé ní Ìlọrin. Láàárín 1987 sí 1988, wọ́n kà á láti abúlé dé abúlé jákèjádò Nàìjíríà. Iye tí wọ́n rí lé ní 650,000.

Nọ́ńbà yìí ló ta gbogbo ènìyàn jí. Wọ́n dá ètò ìgbógunti sòbìà sílẹ̀ ní 1988. Wọ́n yan ẹnì kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí yóò máa ròyìn lóṣooṣù. Wọ́n pín asẹ́ aláṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n da oògùn apakòkòrò sínú adágún. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè rí, bá Carter Center ṣiṣẹ́, ó sì ń lọ sí àwọn abúlé fúnra rẹ̀. Nígbà tí iye náà ti kéré, wọ́n ṣèlérí owó fún ẹni tó bá mú ìròyìn tòótọ́ wá. Oṣù Kọkànlá 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, obìnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Síbẹ̀ wọn kò káwọ́. Wọ́n ṣọ́ ọ fún ọdún márùn-ún sí i kí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tó kéde ní oṣù Kejìlá 2013 pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ káwọ́ hàn ní Chad, aládùúgbò wa. Ọdún mẹ́wàá ni wọn kò fi rí sòbìà níbẹ̀, ó tún yọ ní 2010. Ní 2012, wọ́n rí i lára ajá. Ní 2019 nìkan, ajá tó lé ní 1,900 ló ní i. Báyìí, wọ́n ń so ajá mọ́lẹ̀, wọ́n ń ri ìfun ẹja mọ́lẹ̀ kí ajá má baà jẹ ẹ́, wọ́n sì ń san owó fún ẹni tó bá ròyìn ajá tó ní aràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń yẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú igbó wò ní Jámánì, nítorí aràn pẹlẹbẹ kan tó lè ti ara wọn dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ènìyàn nìkan kò tíì ṣọ́ àìsàn tán.

Kí ló kan Ẹdẹ níbẹ̀? Odò Erinlẹ̀ tí a dí fún omi ẹ̀rọ wa ni. Àwọn olùwádìí ti rí àtọ̀sí ajá lára àwọn ọmọ abúlé tó wà létí ìdídò náà. Aràn ló ń fà á, ìgbín omi ló ń gbé e, ẹni tó bá lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ lè kó o. Ẹ̀jẹ̀ ló ń hàn nínú ìtọ̀. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì máa ń pín in nílé-ẹ̀kọ́. Ẹ wò ó: sòbìà tí kò ní oògùn ti lọ nítorí pé a kà á, àtọ̀sí ajá tó ní oògùn ṣì wà nítorí pé à ń fi í pamọ́. Ojú ń ti ọmọdé láti sọ ọ́, àwọn mìíràn sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ má bá ọmọ tó bá sọ pé òun tọ ẹ̀jẹ̀ wí. Ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí i, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà, kò sí ẹni tí yóò wá a kàn.